Gbígba Íméèlì Láìdúró De Èsì

Ọ̀nà ìkọ ètò kọ̀ǹpútà ni èyí: ètò á béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú íméèlì, á sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ kí èsì tó dé. Ètò tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ojú fóònù á dì gbagidi.

Mark Crispin ló gbé IMAP, ìlànà tí ètò fi ń bá sáfà íméèlì sọ̀rọ̀, kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1986. Ọgbọ́n ìlànà náà ni pé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bíi A001 tàbí A002, tí sáfà máa ń dá padà nígbà tó bá parí iṣẹ́ náà. Ètò lè tipa bẹ́ẹ̀ rán àṣẹ mẹ́ta léra, kó sì mọ èsì tó jẹ́ ti èwo. Ní 1997 ni àṣẹ IDLE dé: sáfà fúnra rẹ̀ ló ń kéde lẹ́tà tuntun. Ètò gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà pa, ó pẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 29, kí sáfà má baà já ìlà.

Ní ìlú Ìdànrè, níbi tí àpáta ńlá ti lè dí ìgbì fóònù lọ́wọ́, oníṣòwò kòkó tó ń lo irú ètò yìí lè máa kọ lẹ́tà lọ bí èyí tó ń bọ̀ ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yára o. Bó bá kú, ó kú náà ni.

Asyncio, irinṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí nínú Python, èdè ìkọ ètò kan, wọ inú èdè náà ní 2014. Kò yẹ kí olùkọ ètò ṣí ìlà ní àṣejù ṣá: Gmail kì í gbà ju ìlà IMAP 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà fún àkáǹtì kan.