Ọ̀nà Onílù Láti Ilé Àyàn Dé Inú Ẹgbẹ́ Olórin

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìdílé ni ìlù lílù jẹ́ kí ó tó di iṣẹ́ ẹgbẹ́ olórin. Àwọn agboolé tí ó ń ṣe é gbà pé Àyàn Àgalú ni òrìṣà tí ó ni ìlù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ ọmọ: Àyàntúndé, Àyànkúnlé, Àyàndélé, Àyànwálé. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ilé tí wọ́n ti bí ẹni náà. Láti Ọ̀yọ́ dé Ẹdẹ, Òṣogbo, Ẹrin-Ọ̀ṣun àti Ìbàdàn, àwọn agboolé yìí wà níbi gbogbo tí ọba bá wà, nítorí ọba nílò onílù tí yóò máa fi oríkì jí i, tí yóò sì máa fi ìlù kéde àlejò tí ó ń bọ̀ láàfin. Nígbà tí jùjú, àpàlà àti fújì gbòde ní ọ̀rúndún ogún, ètò ẹ̀kọ́ ìlù yìí ti wà nílẹ̀ pẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ olórin jẹ nínú rẹ̀ ju bí a ti sábà máa ń kà á sí wọn lọ́rùn lọ.

Ọmọ ilé Àyàn kì í ní ọjọ́ kan pàtó tí a lè pè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá ni ó ti ń gbọ́ ìlù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lè di igi mú, agolo, igbá tàbí ògbólógbòó ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya ni yóò máa lù ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn àgbà kò sì ní í lé e. Nígbà tí ohun tí ó ń lù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá etí mu, wọn a mú un wọ ọ̀wọ́ dùndún, ìdí gúdúgúdú ni wọ́n sì sábà máa ń fi í sí. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀. Ojú kan ni ó ní, wọn a lẹ ìda mọ́ ọn lójú, awọ líle méjì tí wọ́n lọ́ ni wọ́n sì fi ń nà án. Lílù kan náà ni ọmọ náà yóò máa lù láti ìbẹ̀rẹ̀ òde títí wọn yóò fi palẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sí àwọn ìlù mìíràn nínú ọ̀wọ́ náà, irú bíi kànnàngó, ìṣáájú àti kẹríkẹrì, bí àgbà bá ṣe rí i pé ó tó. Agboolé kan lè tò ó lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti òmíràn, ṣùgbọ́n ìyáàlù ni ó máa ń kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún tí ọmọ ń lò nídìí omele, ìyẹn àwọn ìlù tí ó ń tẹ̀lé ìyáàlù, lè dà bí ìfàsẹ́yìn lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mọ onílù. Onílù ìyáàlù a máa yà kúrò lójú lílù láti sọ̀rọ̀: ó lè dúró, ó lè sáré, ó lè dédé pe orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo. Omele ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí omele bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàlù yóò fọ́, ẹsẹ̀ oníjó yóò sì ṣì. Ọmọ tí ó ti fi ọdún púpọ̀ di lílù kan mú ti gbọ́ gbogbo ohun tí ìyáàlù lè ṣe lórí lílù náà kí ìyáàlù tó dé èjìká rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ẹnu tún wà nínú iṣẹ́ náà, òun ni ó sì le jù. Bí onílù bá fún ọ̀sán dùndún mọ́ra, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá tú u, ohùn a wálẹ̀. Báyìí ni ìlù ṣe ń sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà nínú èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn jọra pọ̀ lọ jàra, ìlù kò sì ní ẹnu tí yóò fi pe lẹ́tà. Ìdí nìyí tí onílù fi ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òwe, oríkì àti gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí etí olùgbọ́ lè bá a parí rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kò sì mọ oríkì ilé, ariwo lásán ni ó ń pa. Nítorí náà ni ọmọ fi ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí ìsìnkú, ìkómọ àti ọdún òrìṣà: níbẹ̀ ni ó ti ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ta, àti ohun tí a fi ń kì í. Ó tún ń kọ́ bí a ti ń bo awọ, bí a ti ń ta ọ̀sán àti bí a ti ń so ṣaworo.

Ètò ẹ̀kọ́ bàtá, ọ̀wọ́ ìlù mìíràn, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dùndún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba sì gbé e dání lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni ìtàn àwọn onílù Havana sọ pé wọ́n ya ọ̀wọ́ bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn títí di òní, okónkolo, èyí tí ó kéré jù, ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni itótele, kí ó tó kan iyá. Òkun kò yí ètò yẹn padà.

Bí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fojú alágbe wo onílù. Ọba kan wà tí ó dojú ìjà kọ èrò yìí: Tìmì Ẹdẹ, John Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 sí 1975. Ìdílé onílù ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ń lu ìyáàlù fúnra rẹ̀, adé kò sì dí i lọ́wọ́. Ní 1959, ó kọ àlàyé lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Iyì tí iṣẹ́ rẹ̀ fi kún orúkọ onílù pọ̀.

Èkó ni ẹgbẹ́ olórin òde òní ti bẹ̀rẹ̀, kò sì kọ́kọ́ sí ààyè fún ọmọ Àyàn níbẹ̀. Nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú ní àwọn ọdún 1930, tí ó sì gbé àwo jáde ní 1936, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń ṣeré, pẹ̀lú ohun èlò olókùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Eré inú pálọ̀ ni. Bí gángan, ìlù tí ń sọ̀rọ̀, bá wọlé, yóò bo ohùn gìtá àti ti akọrin mọ́lẹ̀. Ní 1948 ni Akanbi Wright mú gángan wọ inú jùjú; lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná. Èyí kejì ni ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Nígbà tí iná ti gbé ohùn gìtá àti ti akọrin sókè, ìlù lè pọ̀ tó bí wọ́n bá ṣe fẹ́, àwọn ọ̀gá eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá onílù tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun tí ọmọ Àyàn bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé. Ní òde àwọn baba rẹ̀, ìyáàlù ni ọ̀gá: òun ni ó ń pe lílù, òun ni ó ń yí i padà, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e. Nínú jùjú, akọrin àti gìtá ni ó ṣíwájú. Onílù ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá, ó ń tún un sọ, ó sì ń dá a lóhùn. Owó náà yí padà. Onílù agboolé ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó kì, àwọn ará ilé á sì pín in. Nínú ẹgbẹ́, ọ̀gá ni wọ́n ń náwó fún, òun ni yóò sì fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ ìyapa ẹgbẹ́ ni ó ti ibi owó yìí wá. Síbẹ̀, àǹfààní wà: àwo orin gbé ohùn ìlù dé ibi tí ẹsẹ̀ onílù kò lè dé. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó gbọ́ ìlù tí Rasaki Aladokun ń fi sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ilé Àyàn nìkan ni onílù ẹgbẹ́ ti ń wá. Ìsáyà Kẹ́hìndé Dáíró, tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní 1930, kì í ṣe ọmọ Àyàn. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ìlù yẹn ni ó fi kọ́ ara rẹ̀. Kí ó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣeré, ó sì ti kiri aṣọ. Ní Ìbàdàn, ó bá ẹgbẹ́ Daniel Ojoge ṣeré. Ní 1957 ni ó dá Morning Star Orchestra sílẹ̀, tí ó wá di Blue Spots. Ọ̀nà rẹ̀ fi hàn pé ẹgbẹ́ ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́ tí agboolé ń ṣe: ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń dúró lẹ́yìn, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń dàgbà.

Láàrin àwọn Mùsùlùmí, wéré tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ kiri láti jí èèyàn fún sààrì nínú oṣù Ramadan ni ilé ẹ̀kọ́. Láti inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde, tí ó fi dá fújì sílẹ̀. Àpàlà ní tirẹ̀ kò fi ilé onílù sílẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá gbọ́ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà yóò gbọ́ bí ó ti ń pe Adéwọlé Oníluọlá, ọ̀gá onílù rẹ̀, nínú orin. Ipò tí onílù ní nínú àpàlà súnmọ́ èyí tí ó ní lójú agbo àwọn baba rẹ̀ ju ti jùjú lọ.

Ọ̀nà Tony Allen tún yàtọ̀ pátápátá. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1940. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 18, ó sì ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù òyìnbó, èyí tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù. Àwo Art Blakey àti Max Roach ni olùkọ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan ni ó ti ka ẹ̀kọ́ Max Roach lórí àwo irin méjì tí ẹsẹ̀ ń pa pọ̀, èyí tí àwọn onílù háíláìfù Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ lò nígbà náà; ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Igi méjì tí a ń gbá pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá, kí ó tó bọ́ sídìí ìlù nígbà tí onílù wọn kúrò. Ọmọ Àyàn tí ó ti ìdí gúdúgúdú wá yóò mọ ètò yìí dájú. Ní 1964, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin Fẹlá, ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òpin àwọn ọdún 1970. Fẹlá ni ó máa ń ṣètò ohun tí àwọn eléré rẹ̀ yòókù yóò ṣe. Allen ni ó fi sílẹ̀ kí ó wá lílù tirẹ̀. Lílù yẹn ni ìpìlẹ̀ Afrobeat.

Lóde òní, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ìlù òyìnbó, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ sínú ẹgbẹ́. Àwọn yunifásítì náà ń kọ́ni ní dùndún àti bàtá. Ní Ifẹ̀, àwọn tí ó mọ ìlù láti ìta ni wọ́n pè wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àjèjì sì ń wá sí Ẹrin-Ọ̀ṣun láti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn onílù ibẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ jù láti yí padà ni ti obìnrin, tí wọ́n bí sílé Àyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kì í sábà gbé ìlù kọ́ lọ́rùn. Aralọlá Ọlámúyìwá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ara, ti fi gángan ṣeré lórí ìtàgé Nàìjíríà àti ti òkè òkun, àwọn ọmọbìnrin mìíràn sì ti ń lù ú lẹ́yìn rẹ̀.