Láti 'ivoirité' dé fídíò òfégè: Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ewu fún àjèjì ní Côte d'Ivoire?

Ahougnansou jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ìlú Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire. Ìrìnàjò bíi 350 kìlómítà ni láti Abidjan dé ibẹ̀, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè náà. Àjèjì tó bá rin ọ̀nà yìí láàárín ọdún 1991 sí 2007 mọ̀ pé ohun tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ máa ń béèrè ni 'carte de séjour', ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ẹni tí kò bá ní in yóò sanwó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in pàápàá sanwó.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá Minneapolis pa George Floyd ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, àríyànjiyàn nípa ọlọ́pàá, àwọ̀ ara àti ohun tó yẹ kí ènìyàn sọ ní gbangba gba gbogbo ayé kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Côte d'Ivoire, àwọ̀ kọ́ ló fa ìjà náà. Orúkọ, èdè, ẹ̀sìn àti ìlú tí baba ẹni ti wá ni. Ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ń pè ní Ànàgó?

Ànàgó ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Côte d'Ivoire fi ń pe Yorùbá. Láti ayé àwọn amúnisìn Faransé ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń tẹ̀lé ojú irin tó gba Abidjan lọ sí àríwá, tí wọ́n sì ń tẹ̀dó sí àwọn ìlú tí rélùwéè bá dúró sí. Bouaké wà lára wọn.

Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìrìnàjò yìí jùlọ. Títí di òní, ẹni tó bá wọ ọjà Èjìgbò lè gbọ́ èdè Faransé, yóò sì rí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Abidjan.

Àwọn mìíràn gba Ghana débẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá padà sílé, apá kan sì kọjá sí Côte d'Ivoire.

Ibẹ̀ náà kò fìgbà kan jẹ́ ibi ìsinmi pátápátá. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1958, kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira, àwọn èrò kọlu àwọn ará Dahomey, tí a ń pè ní Benin báyìí, àti àwọn ará Togo ní Abidjan. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé.

Kí ni 'ivoirité'?

Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́, ṣílẹ̀kùn fún àjèjì láti wá ṣiṣẹ́ ní oko kòkó àti kọfí. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ní ọdún 1998, bíi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà ni kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lójú òfin.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilẹ̀ náà ni wọ́n bí wọn sí. Àmọ́ láti ọdún 1972, bíbí ènìyàn sí Côte d'Ivoire nìkan kò tó láti sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Houphouët-Boigny kú ní oṣù Kejìlá, ọdún 1993. Henri Konan Bédié tó rọ́pò rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ 'ivoirité' wọ inú ìṣèlú. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé àṣà àti ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè lásán ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò ọdún 1994 ti sọ ọ́ di ohun mìíràn: ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ baba àti ìyá tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìbí. Alassane Ouattara, tó ti ṣe olórí ìjọba rí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin náà.

Láti orí olóṣèlú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé orí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ará àríwá tàbí ti Mùsùlùmí.

Báwo ló ṣe dé ọwọ́ ọlọ́pàá?

Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé ìgbélùú, nígbà tí Ouattara fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọba. Orísun owó fún àpò ìjọba ni. Nígbà tí 'ivoirité' wá gbilẹ̀, ìwé náà di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn agbófinró tó wà lójú ọ̀nà.

Àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé àwọn ọlọ́pàá ń dá ènìyàn dúró nítorí orúkọ, ìlà ojú tàbí agbádá, pé wọ́n ń ya káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ onílùú tó wá láti àríwá, tí wọ́n sì ń gba owó rìbá lọ́wọ́ àjèjì. Ó tako ẹ̀mí àdéhùn ECOWAS ti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, tó fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti wọ orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun ṣọ̀tẹ̀. Bouaké bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ wà lára ìdí tí wọ́n ní àwọn fi gbé ìbọn. Ní Abidjan, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn agbófinró wó àwọn àdúgbò tálákà tí ọ̀pọ̀ àjèjì ń gbé.

Àdéhùn Linas-Marcoussis ti oṣù Kìíní, ọdún 2003 bèèrè pé kí wọ́n fòpin sí ìwé ìgbélùú fún àwọn ọmọ ECOWAS. Ó di oṣù Kọkànlá, ọdún 2007 kí Ààrẹ Laurent Gbagbo tó pa á rẹ́.

Ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sí ọ̀rọ̀ rédíò

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004, ọkọ̀ òfurufú ogun ìjọba ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Faransé ní Bouaké. Sójà Faransé mẹ́sàn-án àti ọmọ Amẹ́ríkà kan kú. Nígbà tí Faransé gbẹ̀san, rédíò àti tẹlifíṣàn ìjọba ń ké sí àwọn ọ̀dọ́ láti jáde, àwọn èrò sì dojú kọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ funfun ní Abidjan.

Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 1572. Yàtọ̀ sí pé ó fòfin de títa ohun ìjà fún orílẹ̀-èdè náà, ó pàṣẹ pé kí ìjọba dá gbogbo ètò rédíò àti tẹlifíṣàn tó ń ru ìkórìíra àti ìwà ipá sókè dúró. Ní oṣù Kejì, ọdún 2006, wọ́n fi ìyà jẹ ènìyàn mẹ́ta. Charles Blé Goudé, olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbè lẹ́yìn Gbagbo, wà lára wọn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ní gbangba sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Síbẹ̀, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti ti Gbagbo lórí rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, ó dá àwọn méjèèjì láre ní oṣù Kìíní, ọdún 2019. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kẹta, ọdún 2021. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ó rọrùn láti gbà pé ọ̀rọ̀ kan burú, àmọ́ ó ṣòro láti fi ẹ̀rí hàn nílé ẹjọ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló pa ènìyàn.

Kí ni òfin sọ báyìí?

Òfin mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jùlọ:

• Òfin ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008 sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìkórìíra àjèjì àti ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn di ọ̀ràn tí wọ́n lè fi ènìyàn jẹ́jọ́.

• Òfin ọdún 2013 lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára mú ọ̀rọ̀ ìkórìíra tí wọ́n bá fi síta lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù.

• Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2016 fi dá gbogbo ènìyàn lójú pé wọ́n lómìnira láti sọ èrò ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ó ka ìpolongo ìkórìíra ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn léèwọ̀. Òun náà ló yí òfin ìdupò ààrẹ padà, tó fi jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ onílùú ti tó.

• Òfin ìwé ìròyìn ti oṣù Kejìlá, ọdún 2017 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi oníròyìn sẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ. Owó ìtanràn ni ìjìyà rẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹ̀wọ̀n ṣì wà nínú òfin ayélujára àti ìwé òfin ọ̀daràn. Oníròyìn àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí Facebook lè má jẹ ìyà kan náà.

Fídíò kan láti Nàìjíríà

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, fídíò kan gba orí ayélujára kan. Àwọn tó ń pín in sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń fìyà jẹ ní orílẹ̀-èdè Niger. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, àwọn èrò ya bo àwọn ará Niger ní Abobo, Yopougon àti Anyama. Wọ́n ṣe ènìyàn léṣe, wọ́n sì kó ọjà wọn lọ.

Ìwádìí àwọn aláṣẹ fi hàn pé irọ́ ni. Nàìjíríà ni wọ́n ti ya fídíò náà, kò sì kan ọmọ Côte d'Ivoire rárá.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ká ní ẹni tó gbé fídíò náà síta kọ orúkọ Nàìjíríà sí i dípò Niger, ṣọ́ọ̀bù àwọn wo ni wọn ìbá fọ́ ní ọjọ́ náà?

Ṣé kí aráàlú pa ènìyàn tì ni ojútùú?

Àwọn kan gbà pé kò yẹ ká dúró de ilé ẹjọ́. Lójú wọn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀kọ́rọ̀, kí gbogbo ènìyàn kẹ̀yìn sí i, kó pàdánù iṣẹ́ àti orúkọ rẹ̀. Côte d'Ivoire ti rí èyí. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, atọ́kùn ètò Yves de M'Bella pe ọkùnrin kan sórí tẹlifíṣàn NCI láti fi ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ń fipá bá obìnrin lò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. HACA, àjọ tó ń mójútó rédíò àti tẹlifíṣàn, ní kó lọ rọ́kún nílé fún 30 ọjọ́. Ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 12 fún un, èyí tí kò ní ṣe àyàfi tó bá tún ṣẹ̀, pẹ̀lú ìtanràn mílíọ̀nù méjì CFA.

Àwọn obìnrin tó kọ ẹ̀hónú náà lo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tiwọn pẹ̀lú. Àmọ́ ohun èlò kan náà, ìyẹn ìbínú tó ń ràn bí iná lórí fóònù, ló lé àwọn ará Niger kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé, nínú ọ̀kan, gbogbo ènìyàn rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é ló sì jíhìn. Nínú èkejì, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì jìyà.

Tí ìjọba bá ní òun fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́ ńkọ́?

Nàìjíríà gbìyànjú rẹ̀. Láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n fi ti Twitter pa, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ lò ó láti pariwo ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní oṣù Keje, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé ìgbésẹ̀ náà tako òfin. Ìdájọ́ yìí kan àjèjì pẹ̀lú: ẹni tí ọlọ́pàá bá gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ nílò ibi tó ti lè sọ ọ́.

Kí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀?

Kò sí ìwé ìgbélùú mọ́ fún ọmọ ECOWAS, àmọ́ ìwé ìrìnnà tàbí káàdì tí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ẹni ń fúnni gbọ́dọ̀ wà lápò. Tí fídíò ìkà bá dé orí fóònù, ó yẹ ká béèrè ibi tí wọ́n ti yà á, ìgbà tí wọ́n yà á àti ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síta kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìbéèrè wọ̀nyí kan àwọn tó wà ní Nàìjíríà náà, nítorí àwa pẹ̀lú lé àjèjì lọ́dún 1983, tí àpò 'Ghana Must Go' fi gba orúkọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní Bouaké, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo rẹ̀.