Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Orúkọ Sẹ́yìn Fọ́tò



Nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí, a bá fọ́tò àtijọ́ kan nínú àpótí wọn. Ọ̀gá káńsù jókòó sáàárín, akọ̀wé àti wolé-wolé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n dúró lẹ́yìn. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sẹ́yìn fọ́tò náà. Àwọn ìyá ńkọ́? "Àwọn obìnrin ọjà," ó parí. Mo dá ìyá mi mọ̀. Àwọn tí ì bá sọ àwọn yòókù fún mi ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láyé ìjọba òyìnbó, George S. A. da Costa fi iṣẹ́ ìtajà ìwé sílẹ̀ l'Ékòó ní 1895, ó di ayafọ́tò, ìjọba sì gbéṣẹ́ fún un láti ya fọ́tò ojú irin rélùwéè. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ayé ìgbà yẹn, gómìnà àti adájọ́ ní orúkọ; ẹni tó gbé igbá kò ní.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò l'Ékòó, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Wọn ò kàwé. Ní 1940, ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Ní oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin ti ìsọ̀ wọn pa, wọ́n tẹ̀ka síwèé, wọ́n kó lọ bá ìjọba. Ìjọba rọ̀, wọ́n gbé e dé £200. Ìyá náà kú ní 1951, ṣùgbọ́n a ṣì ń dárúkọ wọn títí dòní, nítorí pé orúkọ wọn wà nínú ìwé.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Fọ́tò kò lẹ́nu, àwa la máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbé fọ́tò ilé yín jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn, kì í ṣe báírò, torí báírò lè là á kọjá: ta ni, níbo, ọdún wo. Ká má gbàgbé alábàárù àti ọmọ iṣẹ́ o.

Fọ́tò àjọ̀dún tá a máa yà lónìí náà ńkọ́? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ wa tán ká tó tú ká.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ẹgbẹ́ wa ò ní bàjẹ́.