Ohùn Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Àwọn Eré Àtijọ́ tí Kò Tíì Kú Létí Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àwọn ọba, àwọn ogun àti àwọn ọ̀nà tí a là ni a sábà máa ń kọ ìtàn wọn. Lọ́dún yìí, ohùn ni a fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀: ohùn tí àwọn òbí wa gbọ́ láti inú àpótí, tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tí ó sì pa wọ́n lẹ́kún, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì ń wá kiri títí di òní olónìí.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó; ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri. A kò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ náà ni olówó àti tálákà yóò jọ gbọ́. Ẹni tí kò bá ní in a máa wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tí ó ní in. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì.

Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, ó sì di àjọ ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sí Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà náà, ìlù ni rédíò fi ń pe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde. Ẹni tí ń gbọ́ ọ ni yóò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni onílù ń pè, ṣùgbọ́n àwọn aláwàdà Ìbàdàn ní ohun tí ó ń bèèrè ni ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kò ní jókòó lásán níwájú àpótí yìí. Wọn yóò sọ ọ́ di tiwọn.

Ta ni àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di tiwa? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ìjọ ni wọ́n ti wá. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé nígbà tí Ìjọ Olúwa ní Èkó ní kí ó ṣe eré nípa ọgbà Édẹ́nì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ó sì ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover. Nígbà tí ó di ọdún 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe kí eré tó gbà wọ́n. Oyín Adéjọbí, tí àrùn ti bá lẹ́sẹ̀ jà láti kékeré, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dí òun lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí ń gbé eré wọn láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀, wọ́n ń ṣe é nínú gbọ̀ngàn àti nínú ọgbà ilé ìwé. Ibi tí ọkọ̀ wọn kò bá sì dé, rédíò, àwo orin àti amóhùnmáwòrán a dé ibẹ̀.

Kí ló dé tí ohùn wọn kò fi gbó? Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbára lé. Ẹni tí ó ń gbọ́ eré nínú àpótí kò rí aṣọ, kò rí ìtàgé, kò rí iná. Bí Ṣàngó bá ń bínú nínú Ọba Kò So, eré Ládiípọ̀ tí ó jáde ní ọdún 1963, oríkì àti ìlù bàtá ni yóò jẹ́ kí á mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní Jámánì ní ọdún 1964, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá yìn ín. Nínú Kóòtù Aṣípa ti Adéjọbí, ẹjọ́ ni wọ́n ń dá; gbogbo ilé tí ó ń wò ó sì ń bá adájọ́ dá a, ọkọ ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan, ìyàwó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkejì. Ní ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, bí a kò tilẹ̀ rí aago ńlá tí ó so mọ́ra, ohùn rẹ̀ nìkan tó láti pa wá lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á sọ ìtàn yìí bí ẹni pé oyin ni gbogbo ayé àtijọ́. Ní ọdún 1964, Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú, eré tí ó bá àwọn olóṣèlú wí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní agbègbè náà. Ọdún 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Bàbá Sàlá ní tirẹ̀ náwó nára sórí sinimá Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, àwọn olè sì ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á kiri. Àwa rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó pa wá lẹ́rìn-ín sì jẹ gbèsè.

Síbẹ̀, ohun tí ó dára kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Láti ọdún 1967 ni ìwé Atọ́ka ti ń tẹ àwọn eré wọ̀nyí ní fọ́tò, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ òṣèré sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ibẹ̀ mọ ìwé Yorùbá kà. Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú, ìwé ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, di sinimá. Kí a tó mọ̀, àwọn ọmọge tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ń wọ ìró kúkurú àti bùbá bẹ́ẹ̀ ti lọ bá télọ̀, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní olékú. Lónìí, ọmọ ìlú wa tí ó wà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà ń gbọ́ eré àtijọ́ lórí fóònù, òbí rẹ̀ sì ń túmọ̀ òwe inú rẹ̀ fún un. A kò lè pe èyí ní eré lásán. Ilé ẹ̀kọ́ ni.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé èyí tí ó ṣẹ́kù kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ amóhùnmáwòrán, bí wọ́n ti ń ṣeré ni a ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbà á sílẹ̀. Nígbà tí téèpù sì dé, owó rẹ̀ wọ́n, wọ́n a máa pa ti àná rẹ́ kí wọ́n lè gba ti òní sórí rẹ̀. BBC ti London pàápàá pa ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwo orin tí ó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà yín, àti téèpù tí ẹ fẹ́ dà sí ààtàn nígbà tí ẹ ń tún ilé bàbá yín ṣe, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó kù.

A wá ń bẹ gbogbo ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa, nílé àti lẹ́yìn odi. Ẹ wo inú àpótí àwọn àgbà yín. Bí ẹ bá rí àwo, téèpù tàbí Atọ́ka, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i. Bí téèpù bá ti bu, ẹ má ṣe fi agídí lù ú. Ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n gbọ́ eré wọ̀nyí nígbà èwe sọ ohun tí wọ́n rántí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ fún títà. Ẹ rántí Bàbá Sàlá.

Àwọn baba wa ní àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Òótọ́ ni ní ìgbà tiwọn. Ní ìgbà tiwa yìí, àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ti dákẹ́, àwa ni ó kù kí á dá wọn lóhùn. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa gbòòrò sí i.