Iná tí Ojú Kò Rí àti Àwọn tí ń Ṣọ́ Ọ

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń ṣọ́ iná. Ẹni tí ó bá dáná sun igbó oko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi í sílẹ̀ lọ sí ilé, nítorí ó mọ̀ pé bí iná náà bá kọjá ààlà, oko ẹlòmíràn ni yóò jó. Iná ní èéfín, ó ní ooru, ó sì ní ìró. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kìlọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n iná kan wà tí kò rú èéfín, tí kò ní òórùn, tí ẹni tí ó ń jó kì í sì í mọ̀ ní wákàtí náà pé òun ń jóná. Ìtànṣán olóró ni a ń pè é. Àwa fẹ́ sọ níhìn-ín bí aráyé ti rí i, bí ó ti pa wọ́n lára, àti bí wọ́n ti ṣe òfin láti máa ṣọ́ ọ. Nítorí ìtàn náà kọ́ wa pé òfin tí kò ní olùṣọ́ kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí a kò tì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Röntgen ni orúkọ rẹ̀, rí ìtànṣán kan tí ń gba inú ẹran ara kọjá. Nítorí tí kò mọ ohun tí í ṣe, ó sọ ọ́ ní X, àmì tí àwa olùkọ́ ń lò nínú ìṣirò fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ya àwòrán egungun ọwọ́ aya rẹ̀. Ní ọdún 1898 Marie àti Pierre Curie rí radium ní ìlú Paris, ohun tí ń tú irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ jáde fún ara rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Ayọ̀ àwọn oníṣègùn pọ̀, nítorí wọ́n lè rí egungun tí ó ṣẹ́ láìfi ọ̀bẹ kan ara.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ohun tí ń gba inú ara kọjá kì í kọjá lásán. Clarence Dally, ẹni tí ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò. Ọwọ́ náà jẹrà. A gé apá rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ ó kú ní ọdún 1904. Ní ọdún 1936 a gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìwòsàn kan ní ìlú Hamburg fún àwọn tí iṣẹ́ yìí pa, orúkọ 169 ni a sì kọ́kọ́ kọ sí i lára.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sì wà ní New Jersey tí ń fi ọ̀dà radium kun ojú agogo, kí ó lè máa tàn lóru. A kọ́ wọn láti máa fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Radium náà wọ inú egungun wọn, àgbọ̀n wọn sì ń jẹrà. Márùn-ún nínú wọn pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, a sì parí ọ̀ràn náà ní ọdún 1928. Ní ọdún yẹn gan-an ni àwọn oníṣègùn orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní Stockholm, tí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa la ọ̀nà ààbò sílẹ̀. Ní ọdún 1957 a dá Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì sílẹ̀, ìlú Vienna sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òkú ni ó ṣáájú, òfin ni ó tẹ̀lé e.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ìgbà àìmọ̀ ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí òfin ti wà. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 1985, ilé ìwòsàn kan tí ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ ní ìlú Goiânia kó kúrò ní ilé rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ síbẹ̀ tí ìyẹ̀fun caesium wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi í tó àwọn aláṣẹ létí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé náà di ahoro. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ọkùnrin méjì tí ń wá irin tí wọn yóò tà wọ ibẹ̀, wọ́n tú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ń ra àlòkù irin. Ní òru, ọkùnrin yìí rí i pé ohun kan ń tàn nínú rẹ̀ bí aró. Ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu, ó sì pe ará àti ọ̀rẹ́ wá wò ó, ó sì bù ú fún wọn. Àwọn kan fi í para. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan fi ọwọ́ kàn án, ó sì fi ọwọ́ náà jẹun.

Aya ọkùnrin náà ni ó fura pé ohun tí ń tàn yìí ni ó ń mú gbogbo ilé ṣàìsàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ó mú un kó sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ọjọ́ kejì ni onímọ̀ kan fi ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ ohun tí í ṣe. A yẹ nǹkan bí 112,000 ènìyàn wò nínú pápá eré ìdárayá. A sì rí i lára 249. Ní oṣù kẹwàá àwọn mẹ́rin kú: ọmọdébìnrin náà, obìnrin tí ó gbé e lọ, àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi àlòkù irin náà. Pósí tí a fi òjé tẹ́ nínú ni a fi sin ọmọ náà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn sọ òkúta ní itẹ́ òkú nítorí ẹ̀rù.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn tí ó tú ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó fi í sílẹ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè kò sì béèrè. Àwọn baba wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Goiânia, àgbà kò sí lọ́jà.

Ní ilẹ̀ wa, a ṣe òfin lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1995, àjọ tí yóò máa mú un ṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001. Òun ni ó ń fún ilé ìwòsàn tí ń ya àwòrán egungun ní ìwé àṣẹ, àti àwọn tí ń wa epo, àti àwọn tí ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ohun èlò olóró tí a fi ń yẹ kànga epo wò sọnù lójú ọ̀nà láàárín Warri àti Port Harcourt. Ní ọdún 2003 ni a tó rí i láàárín àlòkù irin ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ti la òkun kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mọ ìwé orúkọ tí a ń pè ní òwúrọ̀. A kì í pè é nítorí pé a kórìíra ọmọ. A ń pè é kí a lè mọ ẹni tí kò dáhùn, kí a sì wá a lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn olùṣọ́ yìí rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún ìtànṣán tí oníṣègùn bá ní kí a fi wo òun, nítorí ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ gbogbo agolo tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé, láti ọjọ́ tí ó wọ ìlú títí di ọjọ́ tí a óò gbé e pamọ́. Bí ọ̀kan kò bá sì dáhùn, kí a má sùn títí a ó fi rí i.