Fíìmù tí mò ń retí, àti èyí tí wọ́n jí mọ́ Bàbá Sàlá lọ́wọ́

Ẹ̀yin olólùfẹ́ sinimá, ẹ sún mọ́ bí 🧵

Fíìmù tí mò ń ka ọjọ́ dè báyìí ni Children of Blood and Bone. Paramount ti fi sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2027. Inú ìwé tí Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2018 ni wọ́n ti mú un. Viola Davis wà níbẹ̀, Idris Elba náà wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ìlú wa wà nínú ìwé yẹn, àmọ́ ó ti gbé Ìlọrin lọ sórí òkun o! Ẹ bá mi bi àwọn ará Ìlọrin bóyá wọ́n ti ra ọkọ̀ ojú omi 😂

Bí a ṣe máa wò ó ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti Lálúpọn, Akanran tàbí Mọ́níyà, ẹni tó bá fẹ́ wo sinimá gidi, ìgboro Ìbàdàn ló ń wọkọ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn òbí wa wà léwe, fíìmù Yorùbá fúnra ẹ̀ ló máa ń rìnrìn àjò. Látìgbà Àjàní Ògún (1976) àti Aiyé tí Ògúndé ṣe (1979), àwọn tó ni fíìmù á gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hàn án, wọ́n á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà gbowó. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wàhálà. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà kan, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ó tán nìyẹn.

Ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa tí WNTV Ìbàdàn sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, yáwó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, òun náà ló darí méjì ìṣáájú yẹn. Nínú eré náà, ọkùnrin tí ìṣẹ́ dé bá lẹ́yìn tí wọ́n lù ú ní jìbìtì ni Bàbá Sàlá ṣe. Kó tó rí owó ẹ̀ gbà padà, wọ́n ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló sì ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn o, kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kọ́bọ̀ ò kan án.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wọ DM mi pé "sísítà, ẹ ní link Telegram?", kò sí. Èmi àti àbúrò mi ti ń tọ́jú owó mọ́tò láti Lálúpọn. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ lọ, kó sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ká mọ̀ bóyá ká háyà bọ́ọ̀sì.