Abẹ́rẹ́, Abẹ àti Awò: Bí Ojú Tó Ṣú Ṣe Ń Padà Ríran

Bí a bá pe àwọn òbí wa lórí fóònù tí a béèrè àlàáfíà wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó gbé fóònù máa ń sọ pé: "Ara wọn le o, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ọjọ́ orí ni." Àwa náà á ní Olúwa á ṣọ́ wọn, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n "ọjọ́ orí ni" yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ àgbà di ẹni tí ọmọdé ń fà lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ tí kì í sábà gbà tó wákàtí kan lè dá ìríran wọn padà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí àwọn dókítà ojú gbà dé ibi tí wọ́n dé yìí. Ẹni tó bá mọ ìtàn náà á mọ ohun tó yẹ kó sọ nígbà tó bá tún pe ilé.

Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọmọlójú gan-an, awò kékeré kan wà tó mọ́ gaara bí omi inú àmù. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ojú kí a lè ríran kedere. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, awò náà á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, títí á fi dà bí dígí fèrèsé tí eruku ọyẹ́ ti bò. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cataract nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà lè mú kó tètè dé, ìfarapa lè fà á, wọ́n sì ń bí i mọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Kì í ṣe awọ tó yọ bo ojú láti ìta, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Inú lọ́hùn-ún ló wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí oògùn ìkánsójú tó lè fọ̀ ọ́ kúrò, ohun yòówù kí àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ sọ.

Àwọn ará àtijọ́ ti mọ̀ pé nǹkan kan ló dí ọ̀nà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń fi orúkọ Sushruta pè ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi irin mímú ṣiṣẹ́ nínú ojú. Irú iṣẹ́ yìí tàn dé ilẹ̀ Lárúbáwá, Yúróòpù àti ilẹ̀ Áfíríkà. Oníṣẹ́ náà á fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbẹ́ ojú, á sì fi ti awò tó ti ṣú náà ṣubú sínú ojú. Kò yọ ọ́ jáde. Ńṣe ló tì í sẹ́yìn, bí ẹni tó gbá ìdọ̀tí sábẹ́ ẹní.

Lójú ẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, aláìsàn á rí ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ariwo ayọ̀ á sì sọ. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn á wú, á kó kòkòrò, tàbí kí omi inú rẹ̀ há títí ojú á fi le bí òkúta. Ìfọ́jú tó bá tẹ̀yìn èyí yọ kò ní àtúnṣe mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ orúkọ Johann Sebastian Bach. Ní 1750, ní ìlú Leipzig ní Jámánì, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Dókítà ojú kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Taylor, fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin. Ojú náà kò là, ara Bach kò sì bọ̀ sípò mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún yẹn ló kú. Handel, tó kọ orin Messiah tí àwọn akọrin wa fẹ́ràn lásìkò Kérésìmesì, di afọ́jú kó tó kú ní 1759, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ abẹ gbìyànjú lórí ojú òun náà. Ẹ fiyè sí ohun kan nípa Taylor: arìnrìn-àjò ni. Láti ìlú dé ìlú ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú aláìsàn bá fi bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ó ti dé ibòmíràn.

Ọ̀nà mìíràn ti là kí ojú Bach tó kan abẹ́rẹ́ náà. Ní 1747, ní Paris, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Daviel ń fi abẹ́rẹ́ ti awò ojú ọkùnrin kan. Awò náà kọ̀, kò ṣubú. Daviel bá la iwájú ojú náà, ó sì yọ awò tó ti bàjẹ́ jáde. Látìgbà náà ló ti ń tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Faransé. Ohun tó yí padà nìyí: dípò kí wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ ro ìrora rẹ̀ wò. Kò sí oògùn tó ń mú ojú kú, àwọn èèyàn ló máa ń di aláìsàn mú. Àfi ní 1884, nígbà tí Karl Koller ní ìlú Vienna fi hàn pé bí wọ́n bá kán omi cocaine sójú, ojú á kú, aláìsàn kò sì ní mọ ìrora náà. Láti ibẹ̀ ni àwọn oògùn tó dára jù ú lọ, tí wọ́n ń lò lónìí, ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù. Ojú tí wọ́n bá yọ awò inú rẹ̀ kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ìgbà kan fi máa ń lo gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò. Bí wọ́n bá bọ́ ọ, wọn kò ríran kedere. Ẹni tó yanjú èyí ni Harold Ridley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ó sì ṣèwádìí níbẹ̀ nípa àìsàn ìfọ́jú tí kòkòrò etí odò ń tàn ká.

Nígbà ogun yẹn kan náà, ó kíyè sí àwọn awakọ̀ òfuurufú tí àfọ́kù fèrèsé bàálù fọ́n sí lójú. Fèrèsé náà kì í ṣe dígí, ike líle ni, ojú kò sì bínú sí àfọ́kù rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wo Ridley bó ṣe ń ṣiṣẹ́ béèrè pé kí ló dé tí kò fi òmíràn rọ́pò awò tó yọ. Ìbéèrè ọmọdé, ọgbọ́n àgbà. Ridley ní kí wọ́n fi irú ike náà ṣe awò kékeré, ó sì fi í sójú obìnrin ẹni ọdún 45 kan ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà bínú sí i, wọ́n ní ohun tó léwu ló ń ṣe, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbà fún un. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ darúgbó, awò àtọwọ́dá ni wọ́n fi sí ojú rẹ̀ méjèèjì ní St Thomas' kan náà. Ó kú ní 2001, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá.

Iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní New York, Charles Kelman rí irinṣẹ́ tí àwọn dókítà eyín fi ń fọ eyín, tó ń gbọ̀n kíkankíkan ju bí etí ṣe lè gbọ́ lọ. Ní 1967, ó fi irú rẹ̀ fọ́ awò tó ṣú sí wẹ́wẹ́ nínú ojú, ó sì fà á jáde gba ihò tí kò ju bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Ní 1988, dókítà obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, Patricia Bath, gba ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná laser ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ olówó ńlá fẹ́ ṣe fún ìyá arúgbó ní abúlé? Àwọn ará Íńdíà àti Nepal ló dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 1976, dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì, G. Venkataswamy, tí àìsàn oríkèé ti wọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, dá ilé ìwòsàn Aravind sílẹ̀ ní Madurai pẹ̀lú ibùsùn 11. Àwọn tó lówó ń san owó, a sì ń fi ṣe ìtọ́jú àwọn tí kò ní. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe awò tiwọn, iye owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Ní Kathmandu, Sanduk Ruit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé ìwòsàn Tilganga ní 1994. Ruit mú iṣẹ́ abẹ kan gbòòrò tí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: wọ́n á la ojú lọ́nà tí ihò náà fi ń dí fúnra rẹ̀ láìsí rírán. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ojú ń ṣe ní Nàìjíríà lónìí.

Ní tiwa níbí, àwọn míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission ṣí ilé ìwòsàn ojú ní Kánò ní 1943, ọwọ́ ìjọ ECWA ló sì wà títí dòní. Ìjọba àpapọ̀ dá National Eye Centre sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1979. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó náà ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣèwádìí jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí i pé cataract ló fọ́ ojú nǹkan bí 43 nínú 100 afọ́jú. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ cataract lé lórí, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tì í. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ríran mọ́. Abẹ́rẹ́ tó fọwọ́ kan Bach ṣì ń rìn kiri. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Sókótó, Kánò àti agbègbè rẹ̀ lè ti rí àwọn tó ń lò ó. Wọ́n ń wá bá èèyàn nílé, owó wọn kò pọ̀, aláìsàn sì ń rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá tún pe ilé, ẹ má béèrè àlàáfíà lásán. Ẹ béèrè bóyá bàbá ti pa ìwé orin tì. Ẹ béèrè bóyá iná mọ́tò máa ń tàn sí ìyá lójú jù lálẹ́, tàbí ọmọlójú wọn ti ń funfun. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wò wọ́n, kì í ṣe ẹni tó ń ta gíláàsì lọ́jà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ojú bàìbàì ni cataract. Glaucoma náà ń fọ́ ojú àwọn àgbà wa, ohun tó bá sì gbé lọ kò ṣeé gbà padà mọ́, àfi ká tètè mọ̀. Ẹ wádìí iye owó náà, kí ẹ̀yin ọmọ dá a jọ. Ẹ wá ẹni tó máa bá wọn lọ, tó sì máa kán oògùn fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìsí ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn ń dá wọn dúró ju owó lọ.

Bí ẹnì kan bá sì sọ pé abẹ́rẹ́ lòun fẹ́ fi là á, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ bá wa kí gbogbo wọn nílé.